Ibi Mẹ́rin Tí Màmá Ní Kí N Lọ Wò

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá ni mo ti dé gáréèjì ní Ìbàdàn, mo gbé báàgì sáyà, inú sì ń bí mi. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà ni mo ń bínú sí. Ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ ni. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi jiyàn lórí Ìlobù, ìlú wọn. Màmá, tó wá tọ́jú ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ní ẹsẹ̀ òun ti sàn, òun fẹ́ padà sílé. Ọkọ mi ní, "Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó máa rántí yín." Màmá ní ohun tí èèyàn lè wò ní Ìlobù àti Ìfọ́n ju ti Ìbàdàn lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò yanjú, wọ́n kọjú sí mi. Èmi aránṣọ, tí mo ní aṣọ ìyàwó mẹ́fà nílẹ̀, ni wọ́n ní kó lọ wò ó, kó wá jábọ̀. Ohun tí mo bá sọ ni abẹ gé.

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń kọ èyí fún, torí náà mi ò ní fi nǹkan kan pa mọ́. Kí n tó wọ mọ́tò ni mo ti mọ ohun tí màá sọ. Màá ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí Màmá ti wà lọ́dọ̀ wa, òun ló ń lọ mú àwọn ọmọ ní iléèwé, òun ló ń se oúnjẹ alẹ́, òun ló ń bá mi gé òwú lára aṣọ. Ta ló fẹ́ kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ?

Màmá ti ní kí ọmọ mi obìnrin kọ ibi mẹ́rin sílẹ̀ fún mi lẹ́yìn káàdì ọsibítù. Ó ní kí n lọ wo odò Erinlẹ̀, kí n béèrè ọkùnrin tó ń fọ ọ̀kadà létí odò. Kí n lọ wo igi máńgòrò iwájú iléèwé kan ní Ìfọ́n, kí n béèrè Tíṣà. Kí n gun àpáta tó wà lẹ́yìn iléèwé náà, ó ní bí mo bá dé òkè, gbogbo Òṣogbo ni màá máa wò bí ẹni ń wo àwo oúnjẹ. Ìkẹrin ni iwájú ilé wọn ní Ìlobù, kí n béèrè Ìyá Sàláwù. Kò kọ ọ̀nà kankan sílẹ̀. Mo ní àgbàlagbà ni, ó gbàgbé.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni mo san dé Òṣogbo. Àwa mẹ́rin la jókòó sẹ́yìn mọ́tò tí wọ́n ṣe fún èèyàn mẹ́ta, ìdajì ìdí mi sì wà lórí ìlẹ̀kùn títí a fi dé Ìkirè. Níbẹ̀ ni mo ti ra dòdò Ìkirè ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ gan-an ni wọ́n ń fi ata gún, tí wọ́n á dín in títí á fi dúdú. Màmá fẹ́ràn rẹ̀. Mo rà á sílẹ̀ láti fi tù ú nínú lẹ́yìn irọ́ tí mo fẹ́ lọ pa.

Ní Òṣogbo, mo wọ mọ́tò Ìlobù, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà. Mo ń wo ọ̀nà kí n lè mọ ibi tí ìlú ńlá parí sí, ṣùgbọ́n ilé ò tán. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, àwọn tó ń ta páànù, ilé tuntun tí kò tíì ní fèrèsé, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ dé Òkìnní. Mo bi dẹ́rẹ́bà pé ibo gan-an ni Òṣogbo parí sí.

Ó ní, "Ìyá, ọdọọdún ni ìdáhùn yẹn ń yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá ń lọ sí Òkìnní á dágbére fún ará ilé rẹ̀. Ní báyìí, sílípáàsì ni wọ́n ń wọ̀ lọ."

Ìlobù àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun sún mọ́ra débi pé àlejò ò lè mọ ìgbà tó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ní oríta Ìlobù ni mo ti rí ọlọ́kadà kan, ó tó ẹni ọdún márùndínlógójì, ó dúdú, eyín rẹ̀ sì funfun bí òwú. Ó wo ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní kó gbé mi yí ibi mẹ́rin ká. Ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ro ti epo mọ́ ọn."

Mo ní, "Ìwọ náà ro ti èmi tí mo jí lóru mọ́ ọn."

Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ la parí rẹ̀ sí. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Bó ṣe ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbá a léjìká, mò ń sọ pé, "Ìwọ bọ̀bọ́ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn.

Odò Erinlẹ̀ tí Màmá ń sọ, mo ti ń rò pé màá bá omi tó ń hó. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà sẹ́yìn, òkúta yọrí káàkiri. Àwọn obìnrin méjì ń fọ aṣọ, ọkùnrin kan sì ń fọ ọ̀kadà. Mo ya fọ́tò, inú mi sì dùn, torí fọ́tò yẹn ò lè mú kó wu ẹnikẹ́ni láti kúrò ní Ìbàdàn. Mo wá bi ọkùnrin náà bóyá ibí ni odò náà parí sí.

Ẹ̀yin ará ilé, ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí o bá béèrè nǹkan, wọ́n á fọwọ́ hàn ọ́, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Níbí, wọ́n á kọ́kọ́ kí ọ kú àárọ̀, kú ọ̀nà, kú ọyẹ́, wọ́n á béèrè ilé tí o ti wá, àti ẹni tó rán ọ. Mo ní Ìyá Ràfíù ló rán mi, torí orúkọ ọkọ mi ni wọ́n fi ń pe Màmá níbẹ̀. Ọkùnrin náà sọ kànrìnkàn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀? Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n ń rìn? Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń pe mọ́ínmọ́ín níbẹ̀. Mo mọ̀ pé Màmá tà á rí, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Kò dáhùn ọ̀rọ̀ odò tí mo bi í. Ó wọ inú àgọ́ kékeré kan, ó gbé ẹja àrọ̀ yíyan méjì jáde, ó wé e sínú pépà, ó ní kí n bá òun fún wọn. Ọlọ́kadà mi ń wo ọ̀run, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní Ìfọ́n, kò sí igi máńgòrò. Mo yí iwájú iléèwé náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà tí Màmá ní kí n béèrè jáde wá, bàbá tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n ní ìjì ló wó igi náà lọ́dún tó kọjá. Inú mi tún dùn. Odò ti gbẹ, igi ti wó, ó ku méjì.

Tíṣà ní, "Ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀."

Wọ́n mú mi lọ sí ibi tí igi náà wà tẹ́lẹ̀. Máńgòrò kan wà níbẹ̀ tó ga dé orúnkún mi, wọ́n fi igi ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Tíṣà ní àwọn fúnra àwọn ló ń bomi rin ín. Wọ́n ní obìnrin mẹ́ta ló ti wá ta ọ̀lẹ̀lẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn Màmá, ẹni àkọ́kọ́ ò fi epo sí i tó, ẹnì kejì ń fi ọ̀rá wé e, ẹnì kẹta ń bá àwọn ọmọ jà.

Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún wọn pé igi náà ò tíì ní ìbòòji, ṣùgbọ́n mo lè bá wọn wá agboòrùn."

Mo ní mo fẹ́ lọ gun àpáta.

Bàtà mi já kí n tó dé ìdajì. Nígbà tí mo dé òkè, ọyẹ́ bo gbogbo ayé. Páànù díẹ̀ ni mo rí, àti òpó fóònù kan. Mo pariwo sí ọlọ́kadà tó jókòó nísàlẹ̀ pé Òṣogbo dà.

Ó ní, "Ó wà lẹ́yìn ọyẹ́ yẹn. Ẹ dúró dè é níbẹ̀, á yọjú nínú oṣù kẹta."

Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Mo ní kó máa gbé mi lọ sí ilé Ìyá Ràfíù ní Ìlobù, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà bí ọkọ mi ṣe júwe rẹ̀ fún mi, torí ìgbà ìgbéyàwó wa nìkan ni mo dé ibẹ̀, fún wákàtí méjì. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó yà síbí, ó yà sọ́hùn-ún, ó wọ àgbàlá kan láìbéèrè, ó sì gbé ọ̀kadà rẹ̀ sábẹ́ ìbòòji bí ẹni tó dé ilé bàbá rẹ̀.

Ilé bàbá rẹ̀ ló dé lóòótọ́. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé gbójú sókè, ó wò mí, ó wò ó, ó ní, "Ìyàwó Ràfíù kọ́ nìyí? Káàbọ̀ o. Ṣé ọkọ rẹ ló lọ gbé ọ?"

Àbúrò ọkọ mi ni, ọmọ bàbá kan náà. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, ọkọ mi lòun náà. Èmi tí mo ti ná an bí ata, tí mo sì ti gbá a léjìká láti Ìlobù dé Ìfọ́n. Mo wólẹ̀ sórí orúnkún mi méjèèjì pẹ̀lú bàtà jíjá lọ́wọ́.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́ láti oríta, ìyàwó. Fọ́tò ìgbéyàwó yín wà lára ògiri wa. Mo kàn fẹ́ mọ bí o ṣe mọ ọjà ná tó ni." Ó sì na ọwọ́, ó gba ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ rẹ̀ pé pérépéré. Ojú ò tì í rárá.

Ẹ máa bi mí pé kí lorúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè pè é. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó gbà á, ó sì ní ó pẹ́ tó ti yẹ kí òun ní orúkọ gidi.

Ó rẹ̀ mí. Àpótí igi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo na ọwọ́ láti yí i kí n jókòó. Ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà, tí í ṣe Ìyá Sàláwù tí Màmá ní kí n béèrè, tètè di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ní, "Rárá, ìyàwó, kì í ṣe ìyẹn. Jókòó sórí ẹní. Àpótí ìyá ọkọ rẹ nìyẹn. Bí mi ò bá dojú ẹ̀ bolẹ̀, àlejò á jókòó sí i, adìẹ á ṣu sí i. Tí òjò bá ṣú, màá gbé e wọlé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ní òun ń lọ lò, mi ò fẹ́ kó dé kó bá a ní ìdọ̀tí."

Ó di ọdún mẹ́ta báyìí. Mo jókòó sórí ẹní, ojú sì ń tì mí. Ìgbà yẹn ni mo mú káàdì ọsibítù náà jáde, mo tún un kà, ó wá yé mi pé Màmá ò gbàgbé ọ̀nà. Orúkọ èèyàn ló fẹ́ kí n tẹ̀ lé. Mo ti ń ka odò tó gbẹ àti igi tó wó bí ẹni tó ń jẹ ayò, láìmọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn ló rán mi lọ wò.

Wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ àti ẹ̀wà, mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Ìyá Sàláwù bi mí pé, "Ṣé ó ń bọ̀?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n dé ilé ná, màámi." Mi ò lè wo ojú wọn. Irọ́ mi ṣì wà nínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dòdò Ìkirè.

Gbogbo ọ̀nà Ìbàdàn ni mo fi ń bá ara mi jà. Mo ń ro ẹni tó máa lọ mú ọmọ ní iléèwé, mo ń ro aṣọ ìyàwó mẹ́fà. Ìrun mọ̀gáríbì ni wọ́n ń kí lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Wọ́n kírun tán, ọkọ mi ní kí n sọ ohun tí mo rí.

Mo ní odò ti gbẹ. Mo ní igi máńgòrò ti wó. Mo ní mi ò rí Òṣogbo lórí àpáta. Ọkọ mi wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Èmi ni Màmá kọjú sí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Àpótí mi ńkọ́? Ta ló ń jókòó sí i?"

Mo ní, "Kò sí ẹnì kankan, Màmá. Wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀. Ìyá Sàláwù ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀." Lẹ́yìn náà ni mo kó ẹja jáde, mo jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin etí odò, mo jẹ́ iṣẹ́ Tíṣà tòun ti agboòrùn rẹ̀. Màmá fi ìborùn nu ojú. Mo sọ fún ọkọ mi pé kò sí ibi tí mo dé tí wọn ò ti béèrè ìyá rẹ̀, àti pé tó bá di Sátidé kó gbé wọn lọ sílé.

Mo fa fóònù yọ, mo pe Eyínfúnjowó. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Ìyá Sàláwù kí wọ́n yí àpótí Màmá sókè. Wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi létí. Ó ní, "Ìyàwó, bí ọ̀kadà tó gbé ọ lọ sí oríta ṣe kúrò níbí lọ́sàn-án, wọ́n ti yí i."