Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Mma Samata

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní dọ́gbọ́n bò ó.

Ìyá là ń pè ní Mma lédè wa; Mma Samata kì í ṣe ẹni ńlá. Òrí ló ń pò tà lọ́jà Tamale, ní àríwá Ghana níbí, àtìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló sì ti ń fi òrí náà tọ́ ọmọ. Ògiri kan ló pín ilé wa àti tirẹ̀, nítorí náà mo mọ ẹnu rẹ̀ dáadáa. Bí o bá ro òkèlè túò tó ṣu jọ, yóò sọ fún ọ níṣojú ọkọ rẹ, yóò sì jókòó jẹ ẹ́ tán. Kò ní ọ̀rọ̀ abẹ́nú rárá.

Lọ́dún tó kọjá ni Dókítà Ziblim, ọmọ Dagomba bíi tiwa láti Tamale, wá ṣe ìwádìí lórí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lábúlé wa. Ọ̀nà méjì ló gbé e gbà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bi àwọn obìnrin léèrè, wọ́n ń ka iye tó ní ó dára àti iye tó ní kò dára. Àwọn mìíràn ń jókòó ti obìnrin díẹ̀, wọ́n ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ètò náà dára. Ẹni tó ń kà á sọ iye, ẹni tó ń gbọ́ á sọ ìdí.

Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Ọmọ Dagomba wo ló ń wọlé onílé tí kò ní kí i? Báwo ni ilé? Naa, bí a ṣe ń jẹ́ ìkíni. Àwọn ọmọ ńkọ́? Naa. Iṣẹ́ ńkọ́? Naa. Ilé ìwòsàn ńkọ́? Naa. Ta ló ń sọ aburú lórí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà, láàárín ìkíni? Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú láàárọ̀ yóò kọ́kọ́ dáhùn pé Naa, kó tó jókòó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbọ́ Naa, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára, wọ́n kọjá sí ilé kejì.

Sahada, ìyàwó ọmọ Mma Samata, wà lára àwọn tó dáhùn bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, agbẹ̀bí kan ṣoṣo ló wà ní ilé ìwòsàn náà, ó sì máa ń lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, kí ìwádìí náà tó bẹ̀rẹ̀, ni ìrọbí mú Sahada. Orí sìmẹ́ǹtì, níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa, ló bímọ sí. Ọmọ náà kò ké. Nígbà tí àwọn agbohùnsílẹ̀ jókòó ti Mma Samata, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Lọ́dún yìí, Dókítà padà wá sọ ohun tó rí fún wa níwájú ààfin. Ọ̀gá ìlera àgbègbè bá a wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé agbẹ̀bí tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa tàbí abúlé mìíràn ni yóò sì gbé e fún. Oyún Sahada ti tún wọ oṣù kẹjọ.

Dókítà ka ìwé rẹ̀. Nínú obìnrin mẹ́wàá, ó ní, mẹ́sàn-án ló sọ pé ilé ìwòsàn náà dára. "Ìyá kan tilẹ̀ sọ pé, 'Ilé ìwòsàn náà sún mọ́ wa, ibẹ̀ la máa ń lọ.'"

Ọ̀gá ìlera mi orí. "Ó dáa. A ó gbé agbẹ̀bí náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ráhùn."

Mma Samata dìde.

"Ziblim, ta ni ìyá yẹn?"

"Mma, a kì í dárúkọ wọn."

"Èmi ni. Kí ni mo tún sọ lẹ́yìn ìyẹn?"

Dókítà wo ìwé rẹ̀. "Mma, àwọn tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde kì í gbà ju ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ lọ."

"Ọ̀rọ̀ ọmọ tó kú ni kò wá ráyè?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mma. Àwọn tó ń kà àti àwọn tó ń gbohùn sílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe. Àwọn tí a kà ló pọ̀ jù, òun la fi gbé tiwọn síwájú."

"Nígbà tó o rí i pé àwọn tó dúró ń wí pé ó dára, àwọn tó jókòó ń sunkún, o ò bi ara rẹ pé kí ló dé? O ò lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé méjèèjì ń bá ara wọn jà, kí ẹni tó ń kà á mọ̀? Ìwọ tí wọ́n fi Naa tọ́ dàgbà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ àlejò ni, ǹ bá ní kò mọ̀. Ọmọ wa ni, ó mọ̀, ó sì fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ arúgbó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn iye tó kà.

"Ẹ má bínú, Mma," ni Dókítà wí. "A ó yọ ọ̀rọ̀ yín kúrò."

"Kúrò kẹ̀? Kó wá dà bíi pé n ò sọ̀rọ̀ rárá? Fi ìyókù sí i."

Ọ̀gá ìlera wá dá sí i. "Ìyá, ẹnì kan lẹ jẹ́. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kò ráhùn."

Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó ilé kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá ọkọ níwájú ọba. Sahada fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó gbé ikùn rẹ̀ dìde lórí ẹní.

"Mo wà nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn," ó ní. "Ẹ yọ mí kúrò."

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ yọ èmi náà."

Òmíràn tún dìde nítòsí ògiri ààfin.

Ọ̀gá ìlera yíjú sí Dókítà. "Mélòó ló wá kù nínú wọn?"

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ti dìde. Àwọn obìnrin ṣì ń dìde.