Ohùn Ìyá Mi Lórí Ẹ̀rọ Méjì

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì tí gírámafóònù bàbá mi wà lórí rẹ̀ lọ, inú ẹ̀rọ náà ni ìyá mi ń gbé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe sọ fún mi nìyẹn, bí mo sì ṣe gbà á nìyẹn. Ìyá mi kú kí n tó mọ ojú ẹni. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé wa ní Ṣàngó. Ohùn rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi, inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan ló sì wà.

Nígbà ayé rẹ̀, kí ó tó fẹ́ bàbá mi, ó wà lára àwọn obìnrin tó máa ń kọ orin wákà lọ pàdé àwọn tó bá ti Mẹ́kà dé. Ọkùnrin kan tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní Dùgbẹ̀ ló kó wọn jọ lọ́jọ́ kan, tó gba orin wọn sínú àwo. Ègbè ló pọ̀ jù nínú orin náà, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àwọn yòókù dákẹ́, tí ìyá mi nìkan dá a. Kò gùn rárá. Kí ènìyàn tó bu òkèlè kan gbé mì, ó ti parí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí bàbá mi bá ti kírun dé, á fi àjákù aṣọ funfun nu àwo náà, á gbé abẹ́rẹ́ lé e. Gbogbo ilé á dákẹ́. Bí ó bá ku díẹ̀ kí ohùn ìyá mi dé, bàbá mi á wò mí, èmi náà á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀rọ.

“Kí ìyá rẹ.”

“Ẹ káàsán, màmi.”

Ohùn náà á wá jáde. Ohùn tó wúwo, tó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí àgbàlagbà obìnrin bá ń ti ìsàlẹ̀ kànga pe ọmọ rẹ̀. Ní ìparí, á mí kanlẹ̀, á fà á gùn, bí ẹni tí ẹkún há sí lọ́fun. Ara mi á bù máṣọ. Mo mọ̀ pé nítorí mi ló ṣe ń sunkún níbi tó wà. Eruku tó gbóná nínú ẹ̀rọ náà ní òórùn kan, òórùn ìyá mi ni mo pè é. Títí di òní, bí irú òórùn bẹ́ẹ̀ bá jáde lára rédíò àtijọ́, ọrùn mi á yí fúnra rẹ̀, á máa wá ẹni tó wọlé.

Mi ò lọ sílé ìwé púpọ̀. Àmọ́ ẹ dé Ṣálẹ́ńjì, kẹ́ ẹ ní Alhaji tó ń ta táyà lẹ̀ ń wá, ẹ ó rí i bóyá ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi yín pé èwo nínú wọn. Ilé mi wà ní Bódìjà, èmi àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n la jọ pín ògiri. Sípíkà méjì tó wà ní pálọ̀ mi ga dé mi láyà, bí mo bá ṣí i díẹ̀, fèrèsé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á máa gbọ̀n. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù: ẹ̀rọ tí yóò máa lu rẹ́kọ́ọ̀dù ìyá mi. Ti bàbá mi ti bàjẹ́ tipẹ́, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni eku jẹ inú rẹ̀ tán.

Nígbà tí mo máa lọ ra òmíràn láìpẹ́ yìí, mo gbé àwo náà dání, mo sì yà mú Ìyá Mọ́níyà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó jọ kọ orin yẹn. Láti ìgbà tí àbúrò wọn ti kú, wọn ò wọ ilé bàbá mi mọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa ìkíni ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, wọ́n ní ojú àwọn ò gbà á kí ọmọ máa dọ̀bálẹ̀ fún àpótí. Ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ kí wọ́n wá rí i pé kò sí ẹni tó mọ ohùn ìyá mi tó mi.

Ẹ̀rọ méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tá a dé ní Dùgbẹ̀. Ọ̀kan tuntun, ó ń dán bíi dígí. Èkejì jẹ́ onípákó, ó ti gbó, irú ti bàbá mi gan-an.

Oníṣọ́ọ̀bù ní, “Alhaji, tuntun yìí ló bá irú yín mu o. Ìyẹn ti darúgbó.”

Mo ní, “Èmi náà ò kéré. Gbé àwo mi lé èyí tó gbó yẹn.”

Ó gbé e lé e. Òórùn eruku gbígbóná yẹn jáde. Ohùn wúwo náà dé, ó sì mí kanlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Mo wo Ìyá Mọ́níyà bí ẹni tó ti borí. Wọ́n fajú ro.

“Ta nìyí?”

“Màmi ni, Ìyá.”

“Màmi wo? Ẹni tó ń dún bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun yìí? Àbúrò mi ò ní irú ohùn yìí láyé.”

Ni oníṣọ́ọ̀bù bá bú sẹ́rìn-ín. “Rọ́bà tó ń yí i ló ti dẹ̀, Màmá. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ni. Bí mo bá pààrọ̀ ẹ̀, á sáré bó ṣe yẹ.”

Mo ní, “Má fọwọ́ kàn án!” Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ọkàn mi ti sáré lọ sórí tábìlì bàbá mi ní Ṣàngó. Ó ní láti jẹ́ pé rọ́bà ti wa náà ti dẹ̀ nígbà yẹn.

Oníṣọ́ọ̀bù gbé àwo náà sórí tuntun. Ọmọdébìnrin kan ló jáde. Ohùn tín-ínrín, ohùn tó yá, bíi ti àbígbẹ̀yìn mi tó wà ní yunifásítì, nígbà tó bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Mọ́níyà di etí tábìlì mú. Ibi tí ègbè ti wọlé, wọ́n fi ẹnu tí kò léyín gbè é.

“Òun nìyẹn! Òun gan-an nìyẹn! Gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà la máa ń bá a wí, pé kó yéé fi ẹ̀rín parí orin Ọlọ́run.”

Ẹ̀rín ni. Ohun tí mo pè ní ẹkún láti kékeré, ẹ̀rín ni.

“Alhaji, èwo la máa dì?”

Èmi tí mo máa ń fojú lásán mọ táyà tó dára, mo ń wo ẹ̀rọ kan, mo tún ń wo èkejì. Obìnrin tó fi ẹkún tọ́ mi dàgbà wà lórí ọ̀kan. Ọmọdébìnrin tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò tíì lóyún mi, tí kò mọ̀ mí rí, wà lórí èkejì. Bí mo bá gbé èkejì, ta ni màá máa kí?

Ìyá Mọ́níyà di ọwọ́ mi mú. “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má dá àbúrò mi padà sínú àpótí yẹn.”

Ta ló máa kọ ọ̀rọ̀ sí àgbà lẹ́nu? Tuntun ni mo gbé.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Rọ́bà kankan ò dẹ̀ mọ́. Ohùn ìyá yín wà nínú fóònù yín bó ṣe rí gan-an, ẹ ò ní ṣì í mọ̀ láéláé, mo sì bá yín yọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a bá gbé àwo náà sí i, àbígbẹ̀yìn mi á ní, “Dádì, ohùn mi rèé!” Ìyá Mọ́níyà á gbè é, inú gbogbo ilé á máa dùn.

Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ti jáde, èmi nìkan á tún gbé àwo náà sí i. Màá fi àtàǹpàkò mi kan etí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ọmọ tuntun. Àwo náà á máa wọ́ ẹsẹ̀, ohùn náà á rọra wúwo. Ẹ̀rín náà á fà gùn, á di ẹkún, ìyá mi á sì dé láti inú kànga. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kí i. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àfi kí n gbé ìka mi kúrò, bí mo bá sì ti gbé e kúrò báyìí, ó ti lọ, ọmọdébìnrin yẹn ló máa ń kù sí pálọ̀ mi, tó ń rẹ́rìn-ín.