Ìwé Ọkọ̀ Méjì Lábíyá Olùkọ́

Ẹ bá mi kan sáárá sí ọkùnrin tó ń fi abíyá gbé ìwé ìpolówó ọkọ̀ ojú omi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwòrán ọkọ̀ sì ń wo gbogbo ìjọ! Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì ni, ará àdúgbò wa ní Japara. Bísí ọmọ rẹ̀ fẹ́ rán bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ wo ibi tí òkun ti wọ àárín òkè ní Nọ́wè, nílẹ̀ òyìnbó. Kí wọ́n ṣáà yan ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ méjì.

Láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló ti ń gba ìmọ̀ràn kiri.

“Olùkọ́, yàrá inú ọkọ̀ ń tán lọ!” Ìyàwó rẹ̀ pariwo lójú mi. “Àbí inú ìwé lẹ ti fẹ́ wo òkun ni?”

“Ìyá Bísí, a kì í kánjú yan ọkọ̀. Òkun kì í ṣe ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè téèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ láàárín.”

Ìyá gbé fóònù. “Bísí, mú ọkọ̀ tó kéré nínú méjèèjì. Òun ló máa sún mọ́ òkè.”

Ojú Olùkọ́ fà ro bí ẹni tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ìwé ọkọ̀ kejì tí wọn ò yàn sí mi.

Mo gbé e nàró sórí tábìlì mi ní yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo kọjú àwòrán ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bi mí bóyá mo fẹ́ wọkọ̀ náà, mo ní mo ṣì ń rò ó.