Okùn Iná Funfun Inú Alùpùpù Bàbá Mi

Kí n tó sọ ti alùpùpù bàbá mi, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mo máa ń fi alùpùpù ru ẹsánsì, epo ọkọ̀, láti ẹnu ààlà wá sí Pobè. Lọ́jọ́ kan, okùn iná kan tó ti bó lábẹ́ ìjókòó mi ta pàrà, iná sì sọ. Mo fò sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Alùpùpù náà jóná di eérú lójú mi. Àpá rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì mi títí dòní, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn-ọwọ́.

Láti ìgbà náà, irúgbìn ọ̀pẹ ni mò ń tọ́jú tí mo sì ń tà. Ọ̀pẹ kì í gbiná lójijì. Bí mo bá fẹ́ gun zémíjàn, alùpùpù akérò, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀ ná. Àwọn tó ń wà á ti bú mi títí, ó ti sú wọn.

Ìyá mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní ẹ̀yìn alùpùpù bàbá mi ni òun fẹ́ jókòó sí lọ síbi ìkórè ìjọ wọn ní Sakété, ibi tí òun àti bàbá mi jọ máa ń lọ.

"Orúnkún mi ń dùn mí," ó ní. "N kò mọ̀ bóyá màá lè gun nǹkan kan lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwọ ni wàá gbé mi."

Mo ní ó dáa. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo rò pé ẹ̀rọ náà kò lè jí mọ́. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ló ti wà lẹ́yìn àpò àgbàdo, adìẹ sì ti yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀ láìmọye ìgbà. Àfi bí mẹkáníìkì àdúgbò wa ṣe fi ọjọ́ méjì tú u palẹ̀ tó sì tún un tò. Ẹ̀rọ dún! Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan apá ti iná rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin ni mo kọ́, n kò kọ́ mànàmáná."

Ni mo bá ránṣẹ́ pe Àáfà kan ní Sakété. Ọmọ ìdílé oníṣòwò ni, ó jù mí lọ, iṣẹ́ iná alùpùpù ló sì ń ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kó tó dé, mo ti tú táńkì ẹsánsì kúrò, mo ti gbé e lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Mo bu yanrìn kún garawa méjì, mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ.

Àáfà wo garawa, ó wo mí. "Àbúrò, ṣé iná la fẹ́ tún ṣe ni, àbí ilé la fẹ́ mọ?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe."

Ó ṣí fìtílà iwájú, ó yọjú wo inú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá wo nǹkan." Mo wò ó láti òkèèrè. Gbogbo okùn iná inú rẹ̀ ló funfun, bí ìfun ewúrẹ́ tí wọ́n ti fọ̀. Níbi gbogbo, pupa ló ń gbé iná wá láti inú bàtìrì, dúdú ni wọ́n ń so mọ́ ara irin, àwọn yòókù sì ní àwọ̀ tiwọn. Èyí kò ní pupa, kò ní dúdú. Funfun wọlé, funfun jáde.

"Ta ló ṣe irú èyí?" ni Àáfà bi mí.

Ìyá mi tó ń bó gbágùúdá lẹ́bàá ààrò ló dá a lóhùn. "Ọkọ mi ni. Nígbà tí a wọ ìjọ aláṣọ funfun, a kì í wọ pupa, a kì í wọ dúdú. Ó wá ní báwo ni òun yóò ṣe wọ aṣọ mímọ́, kí òun sì fi itan méjèèjì há pupa àti dúdú mọ́ra lọ sílé Ọlọ́run."

"Ìyá wa, ṣé àwọn aláàgbà yín ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o! Àwọn gan-an rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní òfin aṣọ ni, kì í ṣe òfin okùn iná. Ta ló lè bá ọkọ mi jiyàn?"

"Kò wá fi àmì kankan sí i?"

"Orí rẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ sí," ni ìyá mi wí, "ó sì gbé e lọ."

Àáfà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí a fa gbogbo rẹ̀ tu, kí a fi pupa àti dúdú sí i, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Inú mi dùn. Ìyá mi ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹ fi pupa sí i, kí ẹ gbé ewúrẹ́ gùn ún. Èmi kò gùn ún."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há. Bó bá funfun, èmi kò lè gùn ún, torí n kò ní mọ èyí tí yóò jó mi. Bó bá ní pupa, ìyá mi kò ní gùn ún. Ìkórè sì ku ọ̀sẹ̀ kan.

Àáfà ní kò burú, òun yóò fi gílóòbù kékeré dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun lè mọ èyí tó ń gbé iná. Ó fi okùn kan kan òmíràn, ó ta pàrà. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà àgbàlá ni mo dúró sí, bàtà mi kan kò sí lẹ́sẹ̀ mi.

"Ẹ bá mi mú un o!" ni ìyá mi pariwo. "Á sá dé Igana!"

Ìtìjú mú mi. Bí mo ṣe ń padà bọ̀ wá mú bàtà mi, mo rí àwọn okùn iná tó kù nínú àpò Àáfà. Oríṣiríṣi àwọ̀ ni.

"Ìyá, ṣé òfin kan wà lórí àwọ̀ ewé?"

"Àwọ̀ ewé? Kò sí."

"Àwọ̀ sánmà ńkọ́?"

"Àmùrè tí bàbá rẹ ń so mọ́dìí gan-an, àwọ̀ sánmà ni."

Mo yíjú sí Àáfà. Ó ti yé e. A fi àwọ̀ ewé sípò pupa, a fi àwọ̀ sánmà sípò dúdú, a sì wá àwọ̀ mìíràn fún fèrè àti iná ẹ̀yìn. Àáfà ní ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn wa yóò ṣépè. Èpè kò sì dára lára ohun tí èèyàn ń gùn. Mo fi Faransé àti Yorùbá kọ ìtumọ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, mo wé e sínú ọ̀rá, mo dè é mọ́ abẹ́ ìjókòó.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà, torí ojú ibi tí okùn méjì bá ti pàdé, mo máa ń ní kí ó wé e lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Àbúrò, okùn iná là ń wé yìí, kì í ṣe ẹ̀kọ."

Nígbà tí a dá táńkì padà sípò, tí Àáfà yí kọ́kọ́rọ́ tó sì tẹ ẹ̀rọ, èéfín rú jáde lábẹ́ rẹ̀. N kò dúró bi í léèrè. Garawa yanrìn kan lọ, èkejì tẹ̀ lé e. Òróró ẹ̀rọ tó kán sórí páìpù èéfín ló kàn ń jó. Àáfà dìde nínú yanrìn, ó gbọn fìlà rẹ̀, ó ní, "Ilé ti parí. Ó ku òrùlé." Ìdajì òwúrọ̀ la fi gbọn yanrìn kúrò nínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a tún tàn án, iná iwájú tàn, ti ẹ̀yìn tàn, fèrè dún.

Lọ́jọ́ ìkórè, ìyá mi jókòó sẹ́yìn mi nínú aṣọ funfun rẹ̀, kò wọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mo rọra ń lọ. Àwọn zémíjàn ń yà wá sílẹ̀. Ọ̀kan ké sí mi pé, "Bàbá, ẹyin lẹ rù ni?" Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Ìyá rẹ̀ ló rù. Ṣé ìwọ ru tìrẹ rí?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró láti fọwọ́ kan abẹ́ ìjókòó. Lẹ́ẹ̀kejì, nítòsí Yoko, ìyá mi ní, "Bí ó bá gbóná, ìdí tèmi ni."

Nígbà tí a ń wọ Sakété, ó fọwọ́ lù mí lẹ́yìn. "Tan iná."

"Ìyá, òòrùn ti là."

"Mo mọ̀. Bàbá rẹ kì í wọ Sakété láìtan iná."

N kò tíì tan iná yẹn rí nígbà tí ènìyàn wà lórí ẹ̀rọ, ẹsánsì sì kún táńkì láàárín ẹsẹ̀ mi. Mo fimú fa afẹ́fẹ́. Eruku nìkan ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo ní kí ó di ìbàdí mi mú dáadáa, kó lè fò bí mo bá ní kó fò. Ó ní òun kò fò síbì kankan. Mo tẹ̀ ẹ́.

Iná tàn. Kò sí ohun tó jó.

Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ń na ọwọ́ sí wa, tí wọ́n ń pa á dé, tí wọ́n ń là á, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ fún ẹni tó gbàgbé iná rẹ̀ ní títàn lọ́sàn-án. Ìyá mi ń juwọ́ padà sí wọn lọ́tùn-ún lósì.

"O rí i?" ló sọ sí mi létí. "Sakété kò tíì gbàgbé mi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. N kò pa iná náà títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ìjọ.