Oko Obì tí Bàbá Ọ̀rẹ́ Mi Fi Dógò

Nígbà tí ọwọ́ mi kò tíì tó ẹ̀ka tó rẹlẹ̀ jù lára igi obì, oko bàbá ọ̀rẹ́ mi ni mo ti máa ń lo ọjọ́ Sátidé. Àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ni ilé wọn wà, ní Ṣàgámù wa níbí. Bàbá á ká obì, àwa méjèèjì á máa ṣà á sínú agbọ̀n.

A jọ parí ilé-ìwé girama, a sì jọ ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ ìlú gbé kalẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Èmi ni wọ́n mú. Ẹ má rò pé mo gbọ́n jù ú lọ o. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò tí mo fi yege. Bí wọn kò bá mú mi ni, ilé ni ǹ bá jókòó sí, torí bàbá tèmi kò ní nǹkan kan.

Bàbá tirẹ̀ fi oko obì dógò lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ó sì fi owó náà rán an níwèé. Láyé ìgbà náà, títí ẹ ó fi dá owó padà, ẹni tó gba oko ló ni gbogbo èso orí igi.

Nígbà ìsinmi kan, a bá bàbá lọ wo oko. Oníṣòwò náà ń ká obì lọ́wọ́. Bàbá rí ọ̀kan tó já bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ mú un.

Oníṣòwò náà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Bàbá nàró, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló gbàgbé."

N kò lè wo ojú ọ̀rẹ́ mi.

Àwa méjèèjì di olùkọ́, owó oṣù wa dọ́gba. Mo ń tọ́jú tèmi díẹ̀díẹ̀, mo fi ra ilẹ̀ ní Ògèrè nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Tirẹ̀, ilé oníṣòwò náà ló ń gbà lọ lóṣooṣù. Nígbà tó fi máa gba oko padà, bàbá ti kú, ilẹ̀ sì ti gbówó lórí. Ilé ara mi ni mò ń gbé. Òun ṣì ń san owó ilé.

"Onílẹ̀ Ògèrè!" ló máa ń pè mí. "Ṣé o ṣì ń kí èèyàn?"

A ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kó jẹ́ òun ni wọ́n mú.

Lọ́dún yìí, ọmọ méjì ni ẹgbẹ́ ìlú mú. Ọmọbìnrin àbíkẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi ló ṣe ipò kẹta. N kì í tètè náwó, ẹ̀rù ọjọ́ iwájú kì í jẹ́. Síbẹ̀ mo lọ bá a, mo ní kí n san owó ilé-ìwé ọmọ náà, kò sì sí dídá padà.

Ó ní, "Jẹ́ kí n bi í ná."

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Nígbà tiwa, ta ló bi wá? Bàbá ló lọ dá a rò, ọmọ kàn gbọ́ pé òun ti ń lọ síléèwé ni. Nísinsìnyí, ọmọ náà ní òun ń ronú sí i. Ó di ọ̀sẹ̀ kan lónìí. Mo ń retí èsì rẹ̀.