Isbel Tó Kọ Ògiri Òkun Nítorí Orúkọ Àpáta

Kò sẹ́ni tó mọ Isbel Foubister tó mi ní gbogbo erékùṣù Orkney. Ní ti ọ̀rọ̀ àpáta, mo ti kàwé débi pé àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń sá fún mi nínú ọkọ̀ ojú omi.

Opó ni Isbel, àgùntàn ló ń sìn. Òun nìkan ló kù ní abúlé Skerravoe, lórí bèbè òkúta pupa tí òkun ń jẹ. Àwọn onímọ̀ àpáta máa ń fi orúkọ ibi tí àpáta ti hàn jù lọ pè é, nítorí náà gbogbo òkúta irú ẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀ òkun, Skerravoe ló ń jẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ọmọdé òkúta. Ìgbà tí wọ́n rí egungun ẹja ayé àtijọ́ nínú ẹ̀ ni wọ́n gbà pé ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù ọdún. Èmi ti mọ̀ ṣáájú. Wọn ò bi mí ni.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Harcus, òṣìṣẹ́ ìjọba, dé.

"Ìyá, a fẹ́ mọ ògiri kọnkéré síwájú bèbè yìí. Ọ̀fẹ́ ni. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òkun á gbé ilé yín."

"Ṣé á bo òkúta náà?"

"Pátápátá. Àwọn onímọ̀ àpáta ní àwọn á wá ibòmíràn tó hàn. Orúkọ ibẹ̀ ni wọ́n á máa lò."

Isbel bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ti ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹ ti yọ wá kúrò lára pátákó ojú títì. Orúkọ kan tó kù, ẹ tún fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì sin ín?"

"Ìyá, òkúta lásán ni!"

"Ìwọ gan-an lòkúta lásán. Mu tíì ẹ, kó o máa lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. "Isbel, orí ẹ pé ṣá? Ibo lo máa sùn?"

"Nínú abà àgùntàn. Wọn ò ní lérí bíi tìẹ."

Èmi ni mo bá a gbé bẹ́ẹ̀dì gun òkè lọ sí abà, èmi nìkan, pẹ̀lú sítóòfù lórí. Nígbà òtútù, òkun gbé ilé ìdáná, ó sì gbé yàrá tẹ̀ lé e. Òkúta tuntun yọ, ó pupa bí ẹran. Àwọn onímọ̀ àpáta rọ́ dé tàwọn ti òòlù.

Isbel dúró lẹ́nu ọ̀nà abà. "Kí lorúkọ ibi tẹ́ ẹ wà yìí?"

"Skerravoe, ìyá."

"Mi ò gbọ́!"

Wọ́n pariwo ẹ̀ débi pé àgùntàn erékùṣù kejì gbórí sókè.