Ìkòkò Aró Tó Sùn Lásìkò Òjò

Ìṣáná ni mo fẹ́ lọ rà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ oríkì àwa Ìjẹ̀ṣà rí á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, torí wọ́n ní àwa kì í wá ìṣáná kiri, inú ilé la ti ń gbé iná jáde. Ṣùgbọ́n iná kankan ò sí nílé mi lọ́jọ́ náà. Kò sí lánàá rẹ̀, kò sì sí níjẹta. Ìwọ̀nba ìṣáná tó kù sílé ti mu omi òjò, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. A ò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà mí fún ọkọ ni, ọmọ Iléṣà bíi tèmi, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo. Yàrá kan la ń gbé, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró. Ní Iléṣà, agbo ilé wa kún fọ́fọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹni tí yóò kí ọ, ẹni tí yóò bú ọ, ẹni tí yóò wá yá ìgbálẹ̀ rẹ, gbogbo wọn á ti dé ẹnu ọ̀nà. Ní Òṣogbo, bí ọkọ mi bá ti jáde láàárọ̀, ó ku èmi àti ògiri.

Òjò wá dé. Kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ tó ń dá o. Òjò wẹliwẹli ni, tó ń bọ́ láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń ku èlùbọ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a ò fojú kan oòrùn. Aṣọ tí mo fọ̀ ń rùn lórí okùn. Bàtà ọkọ mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì hu funfun bíi búrẹ́dì tó ti bu.

Èmi náà dùbúlẹ̀. Kò síbi kan tó ń dùn mí. Ibà kọ́, oyún kọ́. Ọkàn mi ló ṣáà wúwo. Bí mo bá ní kí n dìde, ara mi á bi mí pé, “Láti lọ ṣe kí ni?” Màá sì tún fa aṣọ borí. Ọkọ mi á dé láti ibi iṣẹ́, á bá ààrò tó tutù, á jẹ búrẹ́dì, á mu omi lé e, kò sì ní bú mi. Àìbú yẹn gan-an tún dùn mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó tì mí. “N ò bínú o,” ó ní, “ṣùgbọ́n mo ti bá dírẹ́bà lọ́rì Iléṣà sọ̀rọ̀. Tó bá di Sátidé, á wá gbé ọ lọ bá ìyá rẹ. Lọ sinmi díẹ̀.”

Sinmi! Ẹ̀yin àgbà tó ń ka ìwé yìí, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìyàwó oṣù mẹ́rin padà sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì ni wọ́n á ti máa bi ìyá mi pé kí ló dé, ṣé wọ́n lé e ni? Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù náà ò sì gbé mi dìde, ńṣe ló tún tẹ̀ mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ní kí n tiẹ̀ se oúnjẹ kan fún ọkùnrin yìí kí n tó lọ. Ìdí tí mo fi jáde lọ ra ìṣáná nìyẹn. Ìyá tó ń tà á nítòsí wa ti ilẹ̀kùn torí òjò. Mo bá ń rìn lọ, n ò mọ ibi tí mò ń lọ, àfìgbà tí mo bá ara mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí òórùn aró gbá mi nímú. Abẹ́ àtíbàbà páànù kan ni, ìkòkò rẹpẹtẹ tò sílẹ̀, àwọn obìnrin sì jókòó yí wọn ká.

A kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí lára mi. Mo la ẹnu, mo ní, “Ojú gbooro o!”

Yéè! Onídìrí là ń kí bẹ́ẹ̀!

Obìnrin kan fọwọ́ kan gèlè ara rẹ̀. “Ta ló ń dirun níbí?” Ẹlòmíràn ti dìde: “Òòyà á yà á o! Ẹ bá mi wá òòyà, ìkòkò mi fẹ́ dirun!” Ẹ̀rín bú jáde, páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ká.

Ìyá àgbà kan ló jẹ́ olórí wọn. Tẹ̀súbáà wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì sì dú dé ìgúnpá. Ó ní, “Ìyàwó, níbo lo ti wá?”

“Iléṣà ni, Ìyá.”

“Kí lò ń wá?”

“Ìṣáná ni, mà.”

“Ìjẹ̀ṣà ń ra ìṣáná!” ni wọ́n pariwo. “Ayé ti bàjẹ́!”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú. “Àrẹdú o là ń kí aláró. Kí aṣọ tí a rẹ dú dáadáa ni. Ẹni tó bá ṣì wá kí, èlú ló máa gún. Ẹ gbé ọmọ odó fún un.”

Mo rò pé eré ni. Kì í ṣeré. Ewé èlú tútù tí wọ́n fi ń ṣe aró kún odó, ọmọ odó náà ga jù mí lọ. Mo gún. Mo tún gún. Nígbà tó yá, òógùn bọ́ sí mi lójú. Òógùn o, nínú òtútù yẹn! Wọ́n ní ó ti tó. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ: “Ó ku díẹ̀.” Èmi tí mi ò lè tan iná láti ìjẹta!

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, Ìyá mú mi lọ sídìí ìkòkò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ṣí i. Omi inú rẹ̀ dà bí omi ìṣanwọ́, kò hó, kò rùn.

“Ìyá, ẹ da nǹkan yìí nù,” obìnrin kan ní. “Ó ti kú.”

“Aró kì í kú. Òtútù mú un, ó sùn. Ṣé wọ́n máa ń da ẹni tó bá sùn nù ni?” Ó yíjú sí mi. “Ìwọ ni mo fún. Láràárọ̀, wá ṣí i, kí i, rò ó, bu omi eérú gbígbóná díẹ̀ sí i, kí o bò ó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Bí kò bá jí ńkọ́, Ìyá?”

“Ìwọ á ti jí ná.”

N kò ra ìṣáná mọ́. Ẹ̀yinná ni wọ́n dà sínú àpáàdì fún mi, mo sì fi àwo bò ó lọ sílé nínú òjò. Ìjẹ̀ṣà gbé iná wọlé!

Ní ọjọ́ kejì, ara bi mí ní ìbéèrè rẹ̀: “Láti lọ ṣe kí ni?” Mo ní, “Láti lọ kí ìkòkò.” Ẹ̀rín ara mi pa mí, mo ti dìde kí n tó mọ̀. N ò ní purọ́ fún yín. Ìwúwo ọkàn yẹn padà wá ní ọ̀pọ̀ ìgbà òjò lẹ́yìn náà, títí tí mo fi di ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà tí inú mi bá dùn ni mo máa dìde. Ìgbà tí mo bá dìde ni inú mi ń rọra tẹ̀ lé mi.

“Àrẹdú o!” mo kí ìkòkò. “Ṣé ó dáhùn?” ni àwọn aláró ń bi mí. Ọjọ́ kìíní, kò dáhùn. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, pábó. N ò sọ fún ọkọ mi, kí ojú má baà tì mí. Òun kàn ń rí iná láàrò, ó ń jẹ ọbẹ̀ gbígbóná. Ó ní, “Inú rẹ ń dùn pé o fẹ́ lọ sílé, mo rí i.” Mo tún bu ọbẹ̀ sí àwo rẹ̀.

Sátidé pé. Òjò náà ń rọ̀. Mo sáré lọ ṣí ìkòkò mi, òórùn gbígbóná fẹ́ sí mi lójú. Ìfófòó aró ti yọ lókè rẹ̀, ó ń dán yinrin bí ọrùn àdàbà! Mo ké, “Ìyá, ó ti jí! Ó ti jí o!” Gbogbo àtíbàbà sáré wá. Ìyá na aṣọ funfun sí mi, mo rì í bọ inú ìkòkò, mo fà á jáde. Àwọ̀ ewé ló bá jáde. Kí n tó ṣẹ́jú, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì ń yí padà lọ́wọ́ mi, ó ń yí, ó di aró! Mo fò sókè. Ọwọ́ mi dú dé ọrùn ọwọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ fèrè lọ́rì lókèèrè. Ọkọ mi sì yọ, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rélùwéè, ó gbé ẹrù mi lérí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá tó ń ta ìṣáná nítòsí wa, tí mo ti sọ ibi tí mò ń lọ fún, ló júwe ibẹ̀ fún un.

Ó ṣáà jẹ́ ọmọlúàbí. Ó kọ́kọ́ kí wọn: “Ẹ kú iṣẹ́ o!”

Àwọn obìnrin wojú ara wọn. “Ó sàn ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ,” ọ̀kan ní, “ṣùgbọ́n kò tíì débẹ̀. Ọmọ odó dà?”

Kò yé e. Mi ò kà á sí ẹ̀bi rẹ̀. Ó kọjú sí mi. “Lọ́rì ń dúró. Ṣé o ò lọ mọ́ ni?”

“Ẹ ní kó máa lọ,” mo dáhùn. “Ìkòkò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.”

Ó wo ìkòkò. Ó wo ọwọ́ mi títí. Lẹ́yìn náà, ó sọ ẹrù mi kalẹ̀ sórí àga níbi tí òjò ò dé, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì gba ọmọ odó. Fèrè lọ́rì tún dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń jìnnà lọ.

“Ọ̀gá rélùwéè,” Ìyá ké, “gbé e sókè dáadáa! Òjò yìí ò ní dá lónìí.”